O Tún Áàpù Ṣe, O Fi Mí Sílẹ̀

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè kan, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rí i pé òun lòun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá ọkùnrin tí òun fẹ́ fẹ́. Kò pariwo. Kò sunkún. Ó kàn yára mú ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà náà bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan, ó sì ń wò wọ́n bíi pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Jẹ́jẹ́, ṣé kò sí o?" ni ẹni tó jókòó tì í bi í.

"Kò sí nǹkan kan," ni ó dáhùn.

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn díẹ̀, kí a lọ síbi tí ìfẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, torí ọjọ́ kan náà ni ìfẹ́ àti ewu bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Áàpù ni Jẹ́jẹ́ máa ń ṣe, àwọn nǹkan tí à ń tẹ̀ lójú fóònù tí wọ́n á ṣí fún wa, tí a fi ń kọ̀wé, tí a fi ń ránṣẹ́, tí a fi ń wá ọ̀nà. Ibi iṣẹ́ wọn kò ju yàrá méjì lọ, lókè ilé ìtajà bàtà kan, òórùn awọ sì máa ń gòkè wá bá wọn ní gbogbo ọ̀sán. Ojú kan ṣoṣo kọ́ ló máa ń wà nínú áàpù. Ojú púpọ̀ ni, wọ́n sì máa ń tò léra wọn bí àwo. Tí o bá tẹ ibì kan, ojú tuntun á gun orí èyí tó wà níbẹ̀; tí o bá tẹ bọ́tìnnì tó ń dáni padà, ti òkè á kúrò, ti ìsàlẹ̀ á yọjú. Iṣẹ́ Jẹ́jẹ́ gan-an ni láti rí i pé ojú tó yẹ ló ń yọ, àti pé èyí tó lọ sẹ́yìn kò gbàgbé ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan tó wà ní òpópónà kejì gbé iṣẹ́ fún wọn. Wọ́n fẹ́ áàpù tí àwọn apòògùn yóò fi máa kọ iye oògùn tí aláìsàn kọ̀ọ̀kan yóò máa lò nílé. Tí apòògùn bá kọ ọ́ tán, tó fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ kékeré kan á tẹ ìwé pélébé jáde, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike oògùn. Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọ̀gá Jẹ́jẹ́ rán an lọ síbẹ̀ kó lọ gbọ́ ẹjọ́ àwọn tó ń lò ó.

Níbẹ̀ ló ti pàdé Apòògùn. Ọkùnrin gíga ni, kọ́là ẹ̀wù funfun rẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn rẹ̀ lọ, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka hóró oògùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe nǹkan yìí?" ni ó bi í.

"Èmi ni, sà."

"Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sì kú ìyà tí ẹ fi ń jẹ mí."

Jẹ́jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Kí ló ṣe yín?"

"Tí mo bá ń kọ̀wé lọ, tí ìpè bá wọlé, kí n tó sọ pé 'ẹ ǹlẹ́ o' tán, gbogbo ohun tí mo kọ ti lọ. Fọ́ọ̀mù á wá máa wò mí funfun báláú."

"Ẹ má gbé ìpè nígbà tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ nígbà náà."

"Dókítà ló ń pè mí. Ṣé kí n sọ fún dókítà pé áàpù ò fẹ́ kí n dá a lóhùn?"

Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kì í sì í bà á lẹ́rù. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe pé ó sá lọ," ni ó wí. "Ó kú ni. Gbogbo ojú tí ẹ̀ ń rí nínú áàpù ló ní ìgbésí ayé tirẹ̀. A ó bí i, á dìde, ẹ ó máa lò ó. Tí ìpè bá wọlé, á lọ jókòó sẹ́yìn. Tí fóònù bá wá ń wá ààyè, àwọn tó jókòó sẹ́yìn ló máa kọ́kọ́ pa. Tí a ò bá ti ní kó kọ ohun tó mọ̀ sílẹ̀ kó tó lọ sẹ́yìn, ohun tó mọ̀ bá a lọ nìyẹn."

Apòògùn wò ó títí. "Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí n bá a kẹ́dùn," ni ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un kó máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ kò kan ilẹ̀ dáadáa nígbà tó ń padà síbi iṣẹ́. Irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta: ọjọ́ kan láti kọ ọ́, ọjọ́ méjì láti dán an wò lórí fóònù oríṣiríṣi. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọkùnrin yẹn tètè rí i pé òun gbọ́ ohun tó sọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló fi ṣe é. Ó ní kí áàpù máa tọ́jú ohun tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ síbì kan, kó sì dá a padà sínú fọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n bá tún ṣí i. Ibì kan ṣoṣo. Kò ní kó kọ orúkọ aláìsàn tó ni ín mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló dán an wò, aláìsàn kan náà ló sì fi dán an wò lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó ṣiṣẹ́. Ó fi ránṣẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Apòògùn pè é lórí fóònù. "Ó ti ń rántí! Mo gbé ìpè mẹ́rin láàárọ̀ yìí, kò sí èyí tó gbàgbé nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe irú nǹkan báyìí, ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń jẹun ọ̀sán?"

Wọ́n jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Wọ́n tún jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, Apòògùn sì ti sọ pé òun fẹ́ mú un lọ rí màmá òun.

Màmá Apòògùn kì í ṣe ẹni tí à ń lọ kí lásán. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì fi ṣe akọ̀wé ilé ẹjọ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Òun ló máa ń kọ gbogbo ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ sílẹ̀. Ó ti gbọ́ irọ́ tó pọ̀ débi pé kì í wo ojú ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ẹnu rẹ̀ ló máa ń wò.

Jẹ́jẹ́ jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè kan. Aṣọ tí wọ́n fi ọwọ́ hun wà lẹ́yìn àga kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó wọ́. Bí wọ́n ṣe gbé tíì kalẹ̀ ni fóònù Jẹ́jẹ́ gbọ̀n. Ibi iṣẹ́ ni, nǹkan kan ti bàjẹ́ lórí iṣẹ́ wọn. Ó yọjú wò ó, ó dá a padà sínú àpò. Ó tún gbọ̀n.

"Ta lò ń retí?" ni Màmá bi í.

"Ẹ má bínú, mà. Ibi iṣẹ́ ni."

Nígbà tó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, tí Jẹ́jẹ́ sì wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá rọra gbé ife rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Kò jáde mọ́. Tíì tutù. Apòògùn ń wo ilẹ̀.

Ìdájọ́ jáde lọ́jọ́ kejì. "Ẹni tí kò lè wo ojú mi fún wákàtí kan tí ara mi le," ni Màmá wí, "ìgbà tí mo bá ń ṣàìsàn ló máa wò ó? Ìyàwó Fóònù ni. Ó ti lọ́kọ."

Oṣù méje ni Màmá fi di ọ̀rọ̀ yìí mú. Ẹni tó ń bá wọn lọ, tó ń bá wọn bọ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Onírun, tó ń dirun fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Orí Jẹ́jẹ́ máa ń wà láàárín orúnkún rẹ̀ nígbà tó bá ń jíṣẹ́ fún un.

"Rọra, ìyàwó wa. Ẹ̀gbọ́n mi kì í gbàgbé. Obìnrin kan wà tó jókòó lé fìlà rẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó bí ẹ. Títí dòní, tó bá rí i, òdìkejì títì ló máa gbà."

"Àǹtí, kí ni mo máa ṣe báyìí?"

"Gbé orí rẹ dúró dáadáa. Èmi ni mo máa ṣe é. Ṣé o rí i, mo ti sọ fún un pé o máa ń sunkún tó o bá gbọ́ orúkọ òun."

"Àǹtí! Mi ò sunkún rí!"

"Wàá sun ún báyìí tí mo bá fa irun yìí. Kí n má bàa purọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí ṣe ń rìn, tó ń sọ, títí tó fi di ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan tó wá pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ó gbà o. Ó ní kó o wá ní Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó ní kó o fi fóònù sílẹ̀ nílé."

Kàkà kí inú Jẹ́jẹ́ dùn, ẹ̀rù ló bà á. Tó bá tún ba èyí jẹ́, kò sí ìkẹta. Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó pe Apòògùn níbi iṣẹ́. Aṣọ wo ni kí n wọ̀? Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni àbí kí n dúró kó bi mí? Tó bá tún dìde ńkọ́? Apòògùn fi sùúrù dá a lóhùn, ìbéèrè kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú èrò tó tò síwájú kàńtà rẹ̀.

Ní Sátidé, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó fi fóònù sílẹ̀ nílé, ó kan ilẹ̀kùn Màmá ní aago mẹ́wàá géérégé. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ó tún kàn án. Ó gbọ́ omi tó ń dà nínú ilé, tí kò dáwọ́ dúró. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn, kò lè pe ẹnikẹ́ni, títí tí obìnrin kan fi yọjú láti ilé kejì.

"Ṣé Màmá lò ń wá? Wọ́n ti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ṣubú nínú balùwẹ̀. Ọmọ wọn ló wá gbé wọn. Wọn ò tiẹ̀ rántí pa omi."

Jẹ́jẹ́ sáré débẹ̀. Ọwọ́ òsì Màmá ti ṣẹ́, ó ti fi orí ṣèṣe, ó sì fi wákàtí mẹ́rin sùn láìmọ ẹni tó dúró tì í. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù. Ó bi wọ́n bóyá ó ń lo oògùn kankan. Apòògùn mú ike oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde nínú báàgì màmá rẹ̀, Jẹ́jẹ́ sì rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Hóró kan láàárọ̀ ni ìyá rẹ̀ ń lò láti ọdún mẹ́fà. Ohun tó wà lára ike yìí ni méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Orúkọ tó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ pé òun ló fọwọ́ sí i ni orúkọ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí màmá rẹ̀ fi lò ó láìbéèrè.

Ní Mọ́ńdè, ilé ìwòsàn ní kí Apòògùn lọ jókòó sílé. Ìgbìmọ̀ máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní Fúráìdè. Wọ́n tún kọ̀wé sí ọ̀gá Jẹ́jẹ́ pé kó bá wọn wo àkọsílẹ̀ áàpù náà, kí àwọn lè mọ ìgbà tí Apòògùn kọ ohun tó kọ. Jẹ́jẹ́ ni ọ̀gá gbé e fún.

Ohun tó rí ní aago méjì ọ̀sán nìyí. Ní Tọ́sìdeè, Apòògùn ń kọ oògùn bàbá àgbàlagbà kan tó ń lo oògùn kan náà pẹ̀lú Màmá, méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Kò tíì fọwọ́ sí i tí ìpè fi wọlé ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ìpè náà pẹ́. Áàpù kú lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó tún ṣí i, orí orúkọ àwọn aláìsàn ló ti ṣí, ó sì tẹ ẹni tó kàn, ìyá rẹ̀. Áàpù lọ síbi kan ṣoṣo yẹn, ó mú ohun tó wà níbẹ̀, ó dà á sínú fọ́ọ̀mù ìyá rẹ̀. Orúkọ oògùn náà tọ̀nà, orúkọ ìyá rẹ̀ tọ̀nà. Iye ni kò tọ̀nà. Ó sáré wò ó, ó fọwọ́ sí i.

Jẹ́jẹ́ mú fóònù tirẹ̀, ó wo àwọn ìpè ọjọ́ Tọ́sìdeè. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Ìṣẹ́jú méjìlélógún ni ó fi bi í nípa aṣọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó tún un ṣe, torí kò lè fara da á kí ẹlòmíràn tún ṣubú. Kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, áàpù ti ń kọ orúkọ aláìsàn mọ́ gbogbo ohun tó bá tọ́jú, ó sì ti wà lórí gbogbo fóònù ilé ìwòsàn náà. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá tẹ́tí sí i títí dópin. "O ti tún un ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó parí nìyẹn. Ìgbà tó kọ ọ́ ni wọ́n ní ká wá, ìgbà tó kọ ọ́ la máa fún wọn. Ṣé wọ́n bi wá ní nǹkan mìíràn?"

"Wọ́n máa lé e, sà."

"Ó fọwọ́ sí i, àbí kò fọwọ́ sí i?" Ọ̀gá mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó ń nù ún. "Jẹ́jẹ́, èèyàn mọ́kànlá ló ń jẹun níbí. Lọ sílé. Sùn."

Kò sùn. Ní Túsìdeè ó lọ bá Apòògùn nílé. Ó bá a lórí àga nínú ilé ìdáná, kò tíì fá irùngbọ̀n rẹ̀, búrẹ́dì tó ti gbẹ wà níwájú rẹ̀.

"Ìyá mi ni," ni Apòògùn ń sọ. "Ká ní ẹlòmíràn ni, mi ò bá ní mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kọ hóró kan yẹn. Báwo ni ọwọ́ mi ṣe kọ méjì? Ṣé orí mi ò pé mọ́ ni?"

Jẹ́jẹ́ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀.

"Ìwọ nìkan ló kù tó ń wò mí bí èèyàn," ni Apòògùn wí.

Ó pa ẹnu dé. Ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "Rọra, rọra," ẹ̀rù sì ń jẹ ẹ́ nínú bí ebi. Ó ń rò ó pé tí òun bá sọ ọ́, òun á pàdánù rẹ̀ lónìí. Tí òun ò bá sọ ọ́, ó kéré tán òun á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lé e. Ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìfẹ́ lójú ara rẹ̀. Ní Wẹ́sìdeè ó tún lọ, ó tún pa ẹnu dé. Lọ́tẹ̀ yìí kò lè jókòó tó ìdajì wákàtí.

Ní ọ̀sán Tọ́sìdeè, ní wákàtí ìbẹ̀wò, ó lọ sọ́dọ̀ Màmá. Kì í ṣe pé àyà rẹ̀ le. Ojú Apòògùn ló ń bà á lẹ́rù ju ti Màmá lọ.

Màmá ti jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fi nǹkan funfun líle di ọwọ́ rẹ̀. Àǹtí Onírun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bó ọsàn.

"Ìyàwó Fóònù," ni Màmá wí. "Kí ló gbé ẹ wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀," ni Àǹtí wí.

Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ. "Màmá, ọmọ yín kọ́ ló ṣì í. Èmi ni."

Ọ̀bẹ Àǹtí dúró lára ọsàn. Màmá ní, "Dìde. Má sunkún, mi ò ní gbọ́ ohun tó o bá ń sọ. Bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

Jẹ́jẹ́ sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kíkú tí áàpù ń kú, àtúnṣe tó fi ọ̀sán kan ṣe, ibì kan ṣoṣo yẹn, ìpè tó pè. Màmá ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ta ló bi ọ́ lọ́rọ̀ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó bi mí, mà."

"Ọjọ́ wo lo mọ̀?"

"Mọ́ńdè."

"Òní ńkọ́?"

"Tọ́sìdeè, mà."

"Kí lo sọ fún ọmọ mi ní Túsìdeè?"

Jẹ́jẹ́ wo ilẹ̀. "Mo ní kó rọra."

Àǹtí mí kanlẹ̀. Màmá fi orí ti ìrọ̀rí. "Tèmi pẹ̀lú ẹ rọrùn," ni ó wí. "Ọwọ́ lásán ló ṣẹ́, èmi nìyí. Tòun ni kò rọrùn. Ó wà nísàlẹ̀, ó lọ bu omi. Lọ sọ fún un kó tó gòkè wá. Tó bá gòkè, èmi ni mo máa sọ fún un, kò sì ní dára létí rẹ̀ tó bó ṣe yẹ."

Ó bá a lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó ń pọn omi sínú ike. Ó sọ ọ́ lórí ìdúró. Apòògùn jẹ́ kí ike náà kún, ó jẹ́ kó ṣàn dànù, kó tó rántí pa ẹ̀rọ náà.

"Ṣé ó ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n ṣì ń lò ó bẹ́ẹ̀ lókè?"

"Rárá. Mo ti tún un ṣe."

"Ọjọ́ wo?"

"Mọ́ńdè. Kí aago márùn-ún tó lù."

Ó yí ìdérí ike náà, ó yí i títí kò fi lè yí mọ́. "Ní Túsìdeè mo bi ọ́ bóyá orí mi pé." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "O tún áàpù ṣe ní Mọ́ńdè. O fi mí sílẹ̀ títí di Tọ́sìdeè."

Ó gbé omi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ní Fúráìdè, Jẹ́jẹ́ dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó gbé fóònù méjì lé tábìlì, ó fi ọ̀kan pe èkejì, ó sì fi bí nǹkan náà ṣe ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n dá Apòògùn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá kò lé Jẹ́jẹ́, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ áàpù náà, ṣùgbọ́n ó fi oṣù méjì bá a sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ẹni tó jókòó tì í. Ilé ìwòsàn ní àwọn ò ní da áàpù náà nù, àmọ́ gbogbo ọjọ́ Wẹ́sìdeè, Jẹ́jẹ́ gbọ́dọ̀ máa wá síwájú kàńtà wá dán an wò lójú àwọn apòògùn, kí ọ̀kan nínú wọn sì fọwọ́ sí i pé òun rí i. Ẹni tí wọ́n ní kó máa fọwọ́ sí i ni Apòògùn.

Ẹ wá wo ìyà. Wákàtí méjì, ẹ̀gbẹ́ síra wọn, fóònù mẹ́ta níwájú wọn, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan àfi ti iṣẹ́.

"Pè é," ni Apòògùn á wí.

"Mo ti pè é."

"Ṣé ó ti kú?"

"Ó ti kú."

"Ṣí aláìsàn mìíràn."

"Òfìfo ni."

"Padà sí ti àkọ́kọ́."

"Ohun tó ni ló wà níbẹ̀."

"Ó dáa. Lẹ́ẹ̀kan sí i."

Jẹ́jẹ́ máa ń lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀yìn tó le gbandi. Ní gbogbo àárọ̀ Wẹ́sìdeè, ó máa ń bẹ̀rù pé yóò dé ibẹ̀ kó sì bá apòògùn mìíràn nídìí kàńtà náà. Ní ọjọ́ tó bá sì rí kọ́là fífẹ̀ yẹn lókèèrè, ẹ̀rù náà kì í lọ, ó kàn ń pààrọ̀ aṣọ ni.

Láàárín ìgbà yẹn ni Àǹtí Onírun tún yọjú. "Ìyàwó wa, alárinà ti dé."

"Àǹtí, ta ló rán yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni o. Ayé ti yí. Èmi tí mo fi oṣù méje bẹ obìnrin yẹn nítorí rẹ, òun ló wá ń bẹ ọmọ rẹ̀ báyìí. Ó ní kó o wá."

Màmá kò ní kó jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀. "Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹni mẹ́rin ni mo rí tó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í. Ìwọ ni ìkarùn-ún. Mi ò tíì fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n mo gbà ọ́ gbọ́, ìyẹn sì ṣòroó rí lọ́wọ́ mi. Mò ń bá a sọ ọ́. Orí kunkun rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló ti mú un, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń dì í mú. Má dẹ́kun lílọ ní Wẹ́sìdeè."

Ní Wẹ́sìdeè kẹsàn-án, àárín iṣẹ́ ni wọ́n wà. Fóònù àárín ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e.

"Mi ò tíì dárí jì ọ́," ni Apòògùn wí. Ìwé tó fẹ́ fọwọ́ sí ló ń wò.

Jẹ́jẹ́ ní, "Mo mọ̀."

"Mo rò pé tí n kò bá bá ọ sọ̀rọ̀, ìbínú náà á tán. Kò tán. Màmá ní inú ilé òun ni mo ti ń bínú lójoojúmọ́, pé ó ti sú òun, pé tó bá jẹ́ ìbínú ni mo fẹ́ máa ṣe, kí n lọ fẹ́ ẹni tí mò ń bínú sí, kí n máa ṣe é nínú ilé tèmi."

Jẹ́jẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo sọ?"

"Mo ní wọ́n kú àwàdà." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Lẹ́yìn náà mo rò ó. Mi ò mọ ìgbà tó máa tán, Jẹ́jẹ́. Ó lè pẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó tán níbi tí o ò sí. Ṣé o lè gbé pẹ̀lú ẹni tó ń bínú sí ọ?"

"Mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Èyí tó o sọ yẹn," ni Apòògùn wí, "ká ní o sọ ọ́ fún mi ní Túsìdeè ni." Lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ojú rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ẹ̀bá ẹ̀rọ omi.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n jókòó síwájú tábìlì nínú ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀. Yàrá náà kéré, fèrèsé rẹ̀ kan kò ṣeé ṣí. Àwọn òbí Jẹ́jẹ́ wà lápá kan, Màmá àti Àǹtí wà lápá kejì. Ọkùnrin tó fẹ́ so wọ́n pọ̀ gbé ìwé sókè, ó kà á gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń kà á lójoojúmọ́, ó wá bi Apòògùn bóyá ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo èèyàn mọ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

"Ó wà," ni Apòògùn wí.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ti ń dìde. Àǹtí Onírun fọwọ́ bo ẹnu.

"Mo ṣì ń bínú sí i díẹ̀, sà."

Ọkùnrin náà wò ó lókè gíláàsì. "Ṣé ìbínú náà ní kó o má fẹ́ ẹ?"

"Rárá, sà. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ kí n tó fọwọ́ sí i."

Ọkùnrin náà yíjú sí Jẹ́jẹ́. "Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé ohun kan wà?"

Jẹ́jẹ́ wo Màmá, ó wo Apòògùn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì níwájú gbogbo wọn. "Ẹ̀rù ń bà mí, sà," ni ó wí. "Ẹ̀rù ń bà mí gan-an."

"Ẹ̀rù máa ń ba gbogbo wọn," ni ọkùnrin náà wí, ó sì ti ìwé sí i níwájú. "Ibí yìí ni kó o fọwọ́ sí."